Ẹnu Ti Sọ, Ohùn Ò Tíì Dé

Nínú yàrá kan ní Bájúláíyé, ní Ṣómólù,
níbi tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé aládùúgbò ti ń lu ògiri wa láti àárọ̀,
mo jókòó ti kọ̀ǹpútà, mo ń wo ìyá ìyá mi.
Ètè rẹ̀ ṣí. Ètè rẹ̀ pa dé.
Ó rẹ́rìn-ín tán, ó ti fi ìka nu ojú,
kí ohùn ẹ̀rín náà tó wá dé,
bí àrá tó ń wá mànàmáná kiri lẹ́yìn tí ó ti lọ.
Wọ́n ní ìròyìn kò tó àfojúbà.
Èmi ti fojú bà á. Ìròyìn ni mò ń retí.

Ọjọ́ tí a ká a sílẹ̀ ní Òkè-Pópó,
Tàjúdẹ́ẹ̀nì gbé kámẹ́rà, èmi gbé rẹ́kọ́dà,
a ò bi ara wa pé aago mélòó ló wà lọ́wọ́ kálukú.
Kámẹ́rà ní aago mẹ́rin òru ni,
oòrùn sì wà ní àtàrí wa.
Rẹ́kọ́dà ní tirẹ̀ ò mọ aago kankan;
láti ìgbà tí mo ti tàn án ló ti ń ka tirẹ̀,
oókan, eéjì, ẹẹ́ta, bí ọmọ tí ń ka àtẹ̀gùn,
ilẹ̀ ìbáà mọ́, ilẹ̀ ìbáà ṣú.
Kọ̀ǹpútà tó yẹ kó ṣe adájọ́ wọn,
iná lọ lálẹ́ àná; nígbà tó jí,
ó ní ọdún tí wọn ò tíì bí mi ni a wà.
Bátìrì inú rẹ̀, pẹlẹbẹ bíi kọ́bọ̀ àtijọ́, ti kú.

Mo ra òmíràn lọ́wọ́ Kọ́lápọ̀ onírédíò.
Kọ̀ǹpútà bèèrè aago lọ́wọ́ àwọn tó mọ̀ ọ́n lókèèrè,
wọ́n dá a lóhùn. Ó tọ́.
Ṣùgbọ́n aago tòní tó tọ́ kò tún ti àná ṣe.
Àkókò tí a ti kọ sára àwòrán, ilà ojú ni,
omi ò lè fọ̀ ọ́;
ìyàtọ̀ rẹ̀ lo máa wá, kí o máa fi í kún un.

Kí ni n ó fi wá ìyàtọ̀?
A ò pàtẹ́wọ́ níwájú kámẹ́rà bí àwọn tó mọṣẹ́ ṣe ń ṣe.
Mo wò ó títí, mo tẹ́tí títí,
ó ń sọ nípa ilé bàbá rẹ̀ tí ìjọba wó,
bí wọ́n ṣe kó ẹrù wọn lọ sí Sùúrùlérè,
àga, ìkòkò, àti aago ara ògiri tí òun fúnra rẹ̀ gbé mọ́ àyà,
tó dákẹ́ lórí Afárá Kátà,
tí bàbá rẹ̀ ò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún ṣe mọ́ títí ó fi kú.
"Ni ògiri bá wó," ó ní,
ó sì pa àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pọ̀:
pàá!

Mo dá a dúró níbẹ̀.
Ibi tí ọwọ́ ti kan ọwọ́ nínú àwòrán.
Ibi tí ìlà ohùn ti ga bí igi àgbọn láàrin koríko.
Mo wọ́ ọ̀kan títí ó fi bá èkejì:
ìṣẹ́jú àáyá mọ́kànlá.

Ẹnu sọ, ohùn dé. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dìde jó.
Àṣé aago méjì kì í gbé ẹsẹ̀ kan náà.
Nígbà tó fi máa dárúkọ àwọn ará ilé wọn,
ohùn ti tún ń wọ́ ẹsẹ̀, díẹ̀ báyìí, bí ìṣẹ́jú ojú kan.
Mo ń fún un mọ́ra, mo ń fún un mọ́ra,
bí aránṣọ ṣe ń dín ẹ̀wù tó tóbi ju ẹni lọ,
títí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé aládùúgbò fi dákẹ́.

Ó wá ku mọ́kànlá yẹn.
Rẹ́kọ́dà ti jí ṣáájú kámẹ́rà, kò ní àwòrán:
òkùnkùn lásán,
fèrè ọkọ̀ ojú omi kan láti ọ̀nà Àpápá,
àga tó dún, ikọ́ kékeré.
Tàjúdẹ́ẹ̀nì ní kí n gé e dànù, ta ló ń wo òkùnkùn?
Oṣù mẹ́ta nìyí tí a ti sin ín sí Àbàrí.
N ò gé e.
Inú òkùnkùn náà ló ti bi wá pé,
"Ṣé ẹ ti ń ká ohùn mi? Àbí kí n ṣì dúró dè yín?"